Ẹ̀kọ́ fún Ìdílé Àgbẹ̀: Títọ́jú Alùpùpù Tó Ti Dàgbà

 

Agbo ilé tí kò ní alùpùpù kò pọ̀ mọ́ nínú ìletò wa yìí. Òun ni ó ń gbé iṣu àti àgbàdo dé ọjà, òun ni ó ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé, òun náà ni a ń gùn lọ bá dókítà ní òru. Àwa tí a ti ilẹ̀ Yorùbá ré odò Ọya kọjá wá dáko mọ̀ pé ibi gbogbo ló jìnnà sí wa. Ọjà jìnnà, ilé ìwòsàn jìnnà, ilé baba wa gan-an ló sì jìnnà jù. Alùpùpù kì í ṣe ohun afẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹsẹ̀ wa ni.

Alùpùpù tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe tuntun. Òmíràn ti lo ogún ọdún, òmíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, gbogbo nǹkan ti gbówó lérí, tuntun sì ti di ohun tí àgbẹ̀ ń gbọ́ iye rẹ̀ tí ó ń mi orí. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa ni a ó máa tọ́jú. Ẹ̀kọ́ oṣù yìí dá lé bí a ṣe lè tọ́jú alùpùpù tó ti dàgbà kí ó lè rin ọ̀nà jíjìn láìdá wa sílẹ̀, àti irú àtúnṣe tó yẹ kí a náwó lé lórí.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Kí a tó kọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tiwa.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kan, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá bá wa nílé. Ara ọmọ náà gbóná janjan, gìrì sì ti bẹ̀rẹ̀ sí mú un. Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wa jù jìnnà tó kìlómítà 18. A gbé alùpùpù wa jáde, ìyá ọmọ jókòó sẹ́yìn, ó fi ọ̀já gba ọmọ mọ́ àyà, a sì mú ọ̀nà pọ̀n.

A ti rìn tó kìlómítà 11 nígbà tí a gbọ́ ìró kan lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ṣùgbọ́n alùpùpù kò lọ mọ́. Ṣéènì ti já. A wà nínú òkùnkùn àti ẹrọ̀fọ̀, ọmọ ń gbọ̀n lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí fẹsẹ̀ rìn. Ọlọ́run ló bá wa ṣe é tí àgbẹ̀ kan, ará Núpé, fi ń ti ọjà bọ̀ lórí alùpùpù tirẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá, àwa náà kò gbọ́ èdè rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wo ojú ọmọ náà, ó sì mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Ó yí orí alùpùpù rẹ̀ padà, ó gbé ìyá àti ọmọ dé ilé ìwòsàn. Ọmọ náà yè. Ó ti ń lọ sí ilé-ìwé nísinsìnyí.

Àwa nìkan ni a jẹ̀bi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ṣéènì náà ti dẹ̀, tí ó ń na ara rẹ̀ mọ́ irin, tí a sì ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Kí ni a fi owó wa ṣe nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà? A ra fèrè aláriwo, a kun táńkì ní ọ̀dà pupa, a sì ní kí wẹ́dà fẹ káríà ẹ̀yìn kí ó lè gba àpò iṣu méjì. A ṣe alùpùpù lọ́ṣọ̀ọ́, a tún fi ẹrù kún ẹrù rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò wo ohun tí ó fi ń rìn àti ohun tí ó fi ń dúró.

Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni a ti ń tẹ̀lé òfin kan, òun náà ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: owó àkọ́kọ́ jẹ́ ti ohun tó ń dá alùpùpù dúró, owó kejì jẹ́ ti ohun tó ń mú un rìn, ẹ̀ṣọ́ àti ẹrù ni kí ó gbẹ̀yìn.

KÍ LÓ DÉ TÍ ALÙPÙPÙ ÀTIJỌ́ FI YẸ NÍ TÍTỌ́JÚ?

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń gun Honda CG125, tàbí èyí tí àwọn ará Ṣáínà ṣe ní àwòṣe rẹ̀. Òun ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ọdún 1976 ni Honda gbé CG125 jáde. Àwọn tó ṣe é ti rí i pé ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, ènìyàn a máa di ẹrù ju agbára alùpùpù lọ, a máa pẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ ọ́ìlì, ọ̀nà a sì máa kún fún eruku. Nítorí náà, wọ́n fún un ní ẹ́ńjìnnì tí irin gbọọrọ méjì ń ti fáàfù láti ìsàlẹ̀, dípò irú èyí tí ṣéènì kékeré ń yí lókè orí ẹ́ńjìnnì, nítorí pé ó ń fara da ìyà jù. Wọ́n tún fi páànù bo ṣéènì ẹ̀yìn pátápátá kí eruku àti ẹrẹ̀ má baà bà á jẹ́. Ọ̀pọ̀ ará wa ti tú páànù yìí sọnù nítorí pé ó ń mì, ó sì ń pariwo. Bí tiyín bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ de nọ́ọ̀tì rẹ̀ dáadáa, ẹ má tú u sọnù.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. Alùpùpù tí a ṣe kí ó lè fara da ìyà ṣì ń fẹ́ ìtọ́jú. Ó kàn máa ń pẹ́ kí ó tó bínú ni. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀yà ara rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n lọ́jà, mẹ́káníìkì abúlé sì mọ inú rẹ̀ bí ẹni mowó. Bí alùpùpù tiyín bá jẹ́ irú mìíràn, ọ̀nà ìtọ́jú kan náà ni, ṣùgbọ́n kí ẹ wo ìwọ̀n tirẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, tàbí kí ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹ́káníìkì tó mọ̀ ọ́n.

1. ÀYẸ̀WÒ ÌDÁJÍ

Kí ẹ tó ta á láàárọ̀, ẹ yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ tẹ táyà méjèèjì. Ẹ fi ọwọ́ gbé ṣéènì sókè sódò. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ tẹ ti ẹsẹ̀. Ẹ tan iná iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ ẹ́ńjìnnì bóyá ọ́ìlì kán síbẹ̀ mọ́jú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ọ́ìlì. Ẹ gbé alùpùpù dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́. Ẹ tú ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì, ẹ nù ún nù, ẹ tì í bọ ihò rẹ̀ láì lọ́ ọ, kí ẹ sì yọ ọ́ wò. Kí ọ́ìlì wà láàárín àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀. Bí ó bá ti lọ sí ìsàlẹ̀ àmì ìsàlẹ̀, ẹ má ta á rárá.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè kọ́ àyẹ̀wò yìí. A mọ ìdílé kan tí ọmọbìnrin wọn ń ṣe é kí bàbá rẹ̀ tó jáde. Nígbà tí ó bá parí, á ní, "Bàbá, ó yá, ẹ lè gùn ún." Bí kò bá tíì sọ bẹ́ẹ̀, bàbá kì í jáde.

2. BÍRÉÈKÌ

Bíréèkì inú rọ́ńdà ni ọ̀pọ̀ alùpùpù wọ̀nyí ní níwájú àti lẹ́yìn. Apá bíréèkì ọwọ́ gbọ́dọ̀ rìn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 ní ẹnu rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí mú. Bákan náà ni ti ẹsẹ̀. Bí ó bá rìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ́ nọ́ọ̀tì tó wà lórí wáyà tàbí lórí irin gbọọrọ rẹ̀ sínú díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì yí i. Ó gbọ́dọ̀ yí wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsí pé bíréèkì ń ha á.

Lára ọ̀pọ̀ Honda, ọfà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá tí bíréèkì ń fà lára rọ́ńdà, àmì kan sì wà lára rọ́ńdà fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ bíréèkì dópin, kí ẹ wo ọfà náà. Bí ọfà bá ti dé ibi àmì, bàtà bíréèkì inú rẹ̀ ti jẹ tán. Ẹ má lọ́ nọ́ọ̀tì mọ́, ẹ pààrọ̀ bàtà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ń lọ́ nọ́ọ̀tì títí tí nọ́ọ̀tì fi tán lórí irin.

Nígbà tí ẹ bá tú rọ́ńdà, ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀. Eruku bàtà bíréèkì àtijọ́ lè ní ohun tí wọ́n ń pè ní asbestos nínú, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì ju aṣọ náà nù. Ẹ má jẹ́ kí ọ́ìlì tàbí gíríìsì kan ibi tí bàtà ti ń mú.

Àwọn kan nínú wa kì í lo bíréèkì iwájú nítorí ìbẹ̀rù pé yóò dá wọn lulẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí alùpùpù bá ń dúró, iwájú ni gbogbo ẹrù ń sún sí. Nítorí náà bíréèkì iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdúró. Ẹ lo méjèèjì pọ̀. Lórí iyanrìn àti ẹrẹ̀, kí ẹ fà á wẹ́rẹ́, kí ẹ má jà á. Bí ẹ bá la omi kọjá, ẹ rọra máa tẹ bíréèkì bí ẹ ṣe ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí yóò fi gbẹ, kí ẹ tó sáré.

3. ṢÉÈNÌ

Ṣéènì tó dẹ̀ jù yóò bọ́ tàbí kí ó já. Èyí tó le jù yóò ba bíárìn jẹ́, yóò sì jẹ eyín. Ìwọ̀n tó dára ni pé, bí ẹ bá fi ìka gbé àárín ṣéènì ìsàlẹ̀, kí ó lọ sókè sódò tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2. Ẹ yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n ní ibi mẹ́rin, nítorí ṣéènì àgbà kì í gùn dọ́gba. Ibi tó le jù ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n.

Láti fà á, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì ńlá tó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú, kí ẹ wá lọ́ nọ́ọ̀tì ìfàṣéènì ọ̀tún àti ti òsì ní iye kan náà. Ẹ wo àmì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ó bá ara wọn mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò wọ́, táyà yóò sì jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ de nọ́ọ̀tì ńlá padà gírígírí, kí ẹ sì tún bíréèkì ẹ̀yìn wò, nítorí bí ẹsẹ̀ bá sún sẹ́yìn, bíréèkì náà ń yí ìwọ̀n padà.

Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ṣéènì. Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ nítorí iná. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ ta ọ́ìlì jíà sí ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì nu èyí tó kù lára rẹ̀ dànù. Ọ́ìlì tí a tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì kò dára fún un, nítorí ìdọ̀tí tó wà nínú rẹ̀ ń jẹ ṣéènì bí ẹni fi iyanrìn ha á.

Ẹ wo eyín tí ṣéènì ń rìn lórí, èyí tí àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní sípírọ́kẹ́tì. Bí eyín náà bá ti tẹ̀ bí èékánná àṣá, ó ti tán. Ẹ pààrọ̀ ti iwájú, ti ẹ̀yìn àti ṣéènì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fi ṣéènì tuntun sórí eyín àtijọ́ ti da owó rẹ̀ nù, nítorí ti àtijọ́ yóò tètè jẹ ti tuntun.

Ohun kékeré kan tún wà. Ìdè ṣéènì ní pín-ín-nì kan tí ẹnu rẹ̀ là lápá kan, tí orí rẹ̀ sì dí lápá kejì. Orí tó dí ni kí ó kọjú sí ibi tí ṣéènì ń rìn lọ. Bí a bá fi sí i lódì, nǹkan kékeré tó bá kàn án lójú ọ̀nà lè yọ ọ́. Ẹ ra ìdè kan sí àpò. Òun ni ì bá gbà wá lálẹ́ ọjọ́ tí a sọ yẹn.

4. TÁYÀ ÀTI RÍMÙ

Òwúrọ̀ ni kí ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà, nígbà tí kò tíì gbóná. Fún irú alùpùpù yìí, nǹkan bí 25 lórí ìwọ̀n fọ́káníísà dára fún iwájú, nǹkan bí 32 sì dára fún ẹ̀yìn nígbà tí a bá gbé ẹnì kejì. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré ń gbóná, túùbù inú rẹ̀ ń yí, bẹntiróòlù sì ń tán kíákíá. Táyà tí ìlà ojú rẹ̀ ti parẹ́ kò lè dúró lórí ẹrẹ̀. Èyí tí okùn inú rẹ̀ ti yọ síta kò yẹ ní gígùn dé ìta agbo ilé pàápàá.

Ẹ fi sípánà kékeré kan àwọn irin tínínrín inú rímù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó le ń dún bí agogo. Èyí tó ti dẹ̀ ń dún kùù. Bí ọ̀kan bá dẹ̀, tí a fi sílẹ̀, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń ru ẹrù rẹ̀, àwọn náà yóò sì kán.

5. Ọ́ÌLÌ

Ọ́ìlì kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, jíà àti kílọ́ọ̀ṣì nínú alùpùpù yìí. Nítorí náà, ẹ ra èyí tí a ṣe fún alùpùpù. Bí ẹ bá rí JASO MA lára ike rẹ̀, ó bá kílọ́ọ̀ṣì inú ọ́ìlì mu. Àwọn ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan máa ń mú kí kílọ́ọ̀ṣì yọ̀. Fún oòrùn ilẹ̀ yìí, 20W-50 dára.

Nítorí eruku àti ẹrù, àwa ń pààrọ̀ tiwa ní kìlómítà 1,000 sí 1,500. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀ kí ẹ tó tú u, kí ìdọ̀tí lè bá a jáde. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, sẹ́ẹ́ kékeré kan àti sípíríǹgì wà lẹ́yìn nọ́ọ̀tì ńlá ìsàlẹ̀. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ sẹ́ẹ́ náà. Bí ẹ bá rí irin wẹ́wẹ́ tó ń dán nínú rẹ̀, ẹ lọ fi han mẹ́káníìkì. Ọ́ìlì tó ń wọ inú CG125 nígbà ìpààrọ̀ dín díẹ̀ ní lítà kan. Ẹ má rọ lítà odindi sí i láì wo ọ̀pá ìwọ̀n.

Ọ́ìlì tí ẹ tú dà, ẹ má dà á sí odò tàbí sí ẹ̀bá kànga. Omi tí gbogbo wa ń mu ni.

6. FÍTÀ, PÍLỌ́Ọ̀GÌ ÀTI FÁÀFÙ

Nígbà ọyẹ́, eruku ilẹ̀ òkè Ọya le ju ti ilé wa lọ. Ẹ máa wo fítà afẹ́fẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti fóòmù, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i, kí ẹ fún un, kí ẹ sì dá a padà. Ẹni tó yọ fítà dànù kí alùpùpù lè "mí" ń fi iyanrìn bọ́ písítìnnì ni. Kò ní pẹ́ tí yóò fi máa rú èéfín.

Pílọ́ọ̀gì tó bá CG125 mu ni NGK D8EA, àlàfo ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 0.6 sí 0.7. Ẹ tú u wò lẹ́yìn ìrìn. Bí ẹnu rẹ̀ bá rí bí èèpo ẹ̀pà, ara ẹ́ńjìnnì dá. Bí ó bá dúdú, tí ó gbẹ bí ẹ̀ẹ́dú, epo ti pọ̀ jù tàbí fítà ti dí. Bí ó bá dúdú, tí ó sì tutù fún ọ́ìlì, ríǹgì tàbí fáàfù ti ń jẹ. Bí ó bá funfun, ó ń gbóná jù, epo kò sì tó. Ẹ má gùn ún lọ sí ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀.

Àlàfo fáàfù jẹ́ mìlímítà 0.08 fún méjèèjì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Àwọn tó ti pẹ́ gan-an ní pọ́íǹtì iná tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.3 sí 0.4. Iṣẹ́ mẹ́káníìkì ni méjèèjì, ṣùgbọ́n kí ẹ rí i pé ó fi irin ìwọ̀n pẹlẹbẹ wọ̀n ọ́n. Bébà sìgá kì í ṣe ìwọ̀n.

ÀTÚNṢE WO LÓ YẸ KÍ A NÁWÓ LÉ LÓRÍ?

Bí gbogbo ohun tí a kà sókè yìí bá ti dára, tí owó díẹ̀ sì kù lẹ́yìn ìkórè, àwọn àtúnṣe tó lérè nìyí.

Èkíní ni iná. Àwọn CG125 àkọ́kọ́ ń lo iná 6 fóòtì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò sì tó nǹkan lórí ọ̀nà oko. Mẹ́káníìkì oníná lè fi ti 12 fóòtì tó wà lára èyí tó dé lẹ́yìn rọ́pò rẹ̀, kí ó sì yọ pọ́íǹtì, kí ó fi CDI sí i. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni a ń pààrọ̀ pọ̀: wáyà kọ́ìlì inú, ẹ̀rọ tó ń dẹ́kun iná, bátìrì, gílóòbù àti fèrè. Ẹni tó bá ṣe é lábọ̀ yóò máa ra gílóòbù lójoojúmọ́. Bí owó kò bá tó, ẹ kọ́kọ́ lẹ ike pupa tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà mọ́ ẹ̀yìn káríà. Kò wọ́n, awakọ̀ tírélà á sì rí yín.

Èkejì ni ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn àti rọ́bà tó wà níbi tí apá ẹ̀yìn ti so mọ́ ara ọkọ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá ń mì sọ́tùn-ún sósì nígbà tí ẹ bá fi ọwọ́ tì í, rọ́bà yìí ti tán. Àtúnṣe rẹ̀ a máa mú kí alùpùpù àgbà rìn bí ọ̀dọ́.

Ẹ̀kẹta ni akoto. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí fi ipá mú òfin akoto, àwọn kan fi igbá bo orí, àwọn mìíràn fi ike ọ̀dà bò ó. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ṣùgbọ́n orí tó wà nínú igbá kò yàtọ̀ sí orí tí kò dé nǹkan kan. Ẹ ra méjì, ọ̀kan fún ẹni tó wà lẹ́yìn.

Àwọn àtúnṣe tí kò lérè náà nìyí. Bí a bá fẹ káríà, ẹrù tó bá pọ̀ lẹ́yìn yóò gbé ẹsẹ̀ iwájú fúyẹ́, ọwọ́ kò sì ní lè darí rẹ̀ mọ́. Ẹ di ẹrù sísàlẹ̀, kí ó sún mọ́ àárín, kí ẹ rántí pé a ka ara ẹni tó ń gùn ún mọ́ ẹrù tí ìwé ọkọ̀ sọ. Bí a bá fi eyín iwájú tó tóbi sí i kí ó lè sáré, kílọ́ọ̀ṣì ló ń jìyà rẹ̀ ní òkè nígbà tí ẹrù bá wà. Ní ti gbígbẹ́ sìlíńdà, wọ́n ní písítìnnì tó fi mìlímítà 0.25 tóbi sí i, títí dé 1.00, fún èyí tó ti jẹ. Bí èéfín àwọ̀ búlúù bá ń jáde, tí ọ́ìlì sì ń tán, ẹ ṣe é. Ẹ má ṣe é nítorí eré sísá.

NÍGBÀ TÍ A BÁ Ń LỌ SÍLÉ

Nígbà Kérésìmesì àti Iléyá, àwọn ọ̀dọ́ kan ń gun alùpùpù láti ìhín kọjá Jẹ́bà títí dé ìlú wọn. Ìmọ̀ràn wa ni pé bí ẹ bá ju méjì lọ, ẹ wọ ọkọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gùn ún dandan, kí àtúnṣe parí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ sì gùn ún lọ sí ọjà lẹ́ẹ̀mejì. Alùpùpù tí a tú ní alẹ́ àná kì í ṣe ohun tí a ń gbé re ìrìn àjò lónìí.

Nínú àpò irinṣẹ́, kí ẹ ní sípánà tó bá nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mu, ìtúpílọ́ọ̀gì, pílọ́ọ̀gì kan, ìdè ṣéènì kan, túùbù kan, ìfẹ́táyà, wáyà kílọ́ọ̀ṣì kan, gílóòbù kan, àti ọ́ìlì díẹ̀. Ìdájí ni kí ẹ jáde, kí ilẹ̀ má ṣú bá yín lọ́nà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní bíi wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mu omi, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan rọ́ńdà méjèèjì wẹ́rẹ́. Bí ọ̀kan bá gbóná fòò tí ẹ kò sì tíì tẹ bíréèkì púpọ̀, ó ń ha á. Ẹ dẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó máa lọ.

OWÓ ÀTI ÌWÉ

Àwọn kan yóò sọ pé, "Ọ̀gá, níbo ni owó wà?" Ìbéèrè gidi ni. Ohun tí a rí tó ń ṣiṣẹ́ ni kóló. Bí alùpùpù bá ti ọjà dé, kí ó fúnra rẹ̀ "san" nǹkan díẹ̀ sínú kóló kí a tó pín owó yòókù. Kí ó má pọ̀, ṣùgbọ́n kí ó má yẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ tún ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́, iye kìlómítà, ohun tí a ṣe àti iye tí a san. Ó dára kí ìyá ilé tàbí ọmọ tó mọ̀wé máa pa á mọ́. Nínú ìwé yìí ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ó tọ́ kí ẹ tún máa tún un ṣe, tàbí ó ti ń jẹ ju ohun tó ń mú wálé lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tà á láìbínú.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ KÍLÁÀSÌ ALẸ́

1. Kí ni a kọ́kọ́ ń náwó lé lórí lára alùpùpù, kí sì nìdí?
2. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé bàtà bíréèkì ti tán láì tú rọ́ńdà?
3. Kí nìdí tí a fi ń pààrọ̀ ṣéènì àti eyín méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà?
4. Ta ni yóò máa ṣe àyẹ̀wò ìdájí nínú ilé yín? Ẹ dárúkọ rẹ̀ níwájú gbogbo ìdílé.

Àwọn àgbà ní ẹṣin kì í dá ni kí a má tún un gùn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ tún un gùn yóò kọ́kọ́ wo pátákò rẹ̀. Lọ́la, kí ẹ tó ta alùpùpù yín, ẹ gbé ṣéènì rẹ̀ sókè wò. Ẹ kò mọ ọmọ ẹni tí wọn yóò gbé wá bá yín lálẹ́.

Ó dìgbà kan ná. Ọ̀nà á là o.